Yìnyín Tí Ilẹ̀ Gbígbóná Ń Bí

Lẹ́tà ṣíṣí sí Olùdarí Àgbà Àjọ NCAA tó ń mójútó ìrìnnà bàlúù ní Nàìjíríà. Ẹ̀dà sí Àjọ NiMet tó ń wo ojú ọjọ́, àti sí gbogbo ẹni tó ni iléeṣẹ́ bàlúù

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

N kò ní fọ̀rọ̀ gùn kí n tó sọ ohun tí mo bá wá. Mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ rí i dájú pé gbogbo páìlọ́ọ̀tì tó ń gbéra nílẹ̀ wa ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kojú yìnyín tó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, nínú ẹ̀rọ ìdánrawò, kó tó pàdé rẹ̀ lójú ọ̀run. Èkejì, ẹ dáàbò bo páìlọ́ọ̀tì tó bá yà kúrò lọ́nà nítorí ìjì, lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń ka owó epo àti lọ́wọ́ èrò tó ń pariwo.

Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn kan. Yìnyín kẹ̀? Ní Kánò? Ní Bamako? Ọ̀pọ̀ wa gbà pé wàhálà àwọn ará London àti Toronto ni yìnyín ara bàlúù, níbi tí wọ́n ti ń fi omi olóògùn fọ apá ọkọ̀ láàárọ̀ kó tó gbéra. Òótọ́ ni, ìyẹn wà. Àmọ́ yìnyín mìíràn wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ gbígbóná ló ń bí i, agbègbè tó yí agbedeméjì ayé ká ló sì pọ̀ sí jù. Tiwa ni.

Ilẹ̀ Mali ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Lóru ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2014, bàlúù MD-83 kan gbéra ní Ouagadougou, ó ń lọ sí Algiers. Iléeṣẹ́ Swiftair ti ilẹ̀ Spéìnì ló ni ọkọ̀ àti awakọ̀, Air Algérie ló háyà rẹ̀. Ènìyàn 116 ló wà nínú rẹ̀. Ìjì ńlá wà lọ́nà, irú èyí tó máa ń jà ní ilẹ̀ Sahel lóṣù Keje, àwọn awakọ̀ sì yà díẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́. Wọ́n gun òkè dé ẹsẹ̀ bàtà 31,000, ọkọ̀ dọ́gba. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí gbogbo rẹ̀ fi dàrú. Nítòsí ìlú Gossi ló já sí, ẹnì kan ṣoṣo kò yè.

Ìwádìí tí ilẹ̀ Mali ṣe pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ BEA ti ilẹ̀ Faransé jáde lóṣù Kẹrin ọdún 2016. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ sí ohun tí wọ́n rí, nítorí kì í ṣe ohun tí ènìyàn máa kọ́kọ́ rò. Kì í ṣe pé yìnyín pa ẹ́ńjìnnì yẹn. Ńṣe ló pa irọ́ fún un. Ihò kékeré kan wà ní imú ẹ́ńjìnnì náà tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ṣe lágbára tó. Ọkọ̀ á fi ìwọ̀n yìí wé ti afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́yìn, ibẹ̀ ló ti ń mọ iye agbára tí ẹ́ńjìnnì ń mú wá. Èérún yìnyín dí ihò náà. Òṣùwọ̀n wá ń sọ pé agbára ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ tẹná gba irọ́ náà gbọ́, ó ń dín iná kù, ó ń dín in kù. Ẹ̀rọ kejì, tó ń bá a dárí ọkọ̀, kò mọ̀ ju pé kí wọ́n má kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà 31,000 lọ, nítorí náà bí eré ṣe ń dín kù ló ń gbé imú ọkọ̀ sókè sí i. Ó dé ibi tí afẹ́fẹ́ kò lè gbé apá ọkọ̀ dúró mọ́. Ó ṣubú láti ibẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń mú imú ẹ́ńjìnnì gbóná kí yìnyín má bàa dì níbẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà. Ìwádìí sọ pé wọn kò tàn án.

N kò kọ èyí láti dẹ́bi fún òkú. Ẹni tó bá jókòó sórí àga ní ọ̀sán gangan, tó ń ka ìwádìí tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fi nǹkan bí ọdún méjì ṣe, kò yẹ kó ṣe ọlọ́gbọ́n lórí àwọn tó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré nínú òkùnkùn, pẹ̀lú mànàmáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2002, bàlúù MD-82 ti iléeṣẹ́ Spirit wà ní ẹsẹ̀ bàtà 33,000 lókè ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà nígbà tí yìnyín dí ihò kan náà lára ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Agbára lọ. Àwọn awakọ̀ tẹ imú ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n rí agbára gbà padà bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n bà sí Wichita ní àlàáfíà. Ọdún 12 ló wà láàárín Kansas àti Gossi. Ẹ̀kọ́ náà wà nínú ìwé. Ibi tó yẹ kó dé ni ọwọ́ àti ojú awakọ̀ tó wà lókè Sahel lóru yẹn.

Ọ̀nà kejì tí yìnyín ń gbà ṣe ẹ́ńjìnnì ní jàǹbá tún ṣòro ju ìyẹn lọ láti lóye, nítorí inú ikùn ẹ́ńjìnnì gan-an ló ti ń ṣẹlẹ̀. Oòrùn wa ń gbé omi òkun àti ti igbó sókè. Lọ́dọ̀ tiwa, bí omi bá ti gòkè tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 16,000, ó ti ń wọ ibi tí omi ti ń dì. Àwọsánmà ìjì ńlá kì í dúró níbẹ̀, ó lè ga ju ẹsẹ̀ bàtà 50,000 lọ. Nígbà tí omi yẹn bá fi dé òkè tí bàlúù ń gbà kọjá, kò sí omi tó ń ṣàn nínú rẹ̀ mọ́. Èérún yìnyín kéékèèké ló kù, wọ́n gbẹ, wọ́n pọ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ wọn káàkiri jìnnà sí ibi tí òjò gan-an ti ń rọ̀. Wọ́n lu apá ọkọ̀, wọ́n ta dànù. Wọ́n lu imú rẹ̀, wọ́n ta dànù. Awakọ̀ wo ara ọkọ̀ rẹ̀, kò rí yìnyín kankan.

Àmọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni láti fa afẹ́fẹ́ wọlé, kó fún un pọ̀ láti ìpele dé ìpele kó tó gbé e dé ibi iná, afẹ́fẹ́ tí a bá sì fún pọ̀ máa ń gbóná. Èérún tó bá wọ ibẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á yọ́, á rin àwọn irin tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti da èlùbọ́ sínú àwo rí mọ ìyókù: kì í lẹ̀ mọ́ àwo gbígbẹ, ṣùgbọ́n bí omi bá wà lára àwo, ó di kí a máa fi èékánná họ ọ́. Èérún tó ń bọ̀ lẹ́yìn á lẹ̀ mọ́ irin tó ti rin náà, wọ́n á máa mú un tutù, títí omi tó wà lára rẹ̀ á fi dì. Bí yìnyín ṣe ń ga nìyẹn, níbi tó gbóná, níbi tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì nígbà àtijọ́ kò fi ọkàn sí pé yìnyín lè dé.

Lẹ́yìn náà, ó já. Ó lè ṣá abẹ irin tó ń yí lẹ́yìn rẹ̀ léyín. Ó lè dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, kí ẹ́ńjìnnì máa dún gbàù-gbàù. Ó lè wọ ibi iná, kó pa á. Nígbà mìíràn ariwo kankan kò ní sí; agbára á kàn máa lọ sílẹ̀, awakọ̀ á tẹná, ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn. Lọ́dún 1992, ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bàlúù BAe 146 kan pàdánù agbára lókè ìwọ̀-oòrùn Australia. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Wọ́n sọ̀kalẹ̀ kúrò nínú àwọsánmà náà kí agbára tó padà. Ó gba àwọn onímọ̀ ní ogún ọdún ó lé kí àjọ NASA tó lè gbé irú ẹ́ńjìnnì tí BAe 146 ń lò sínú yàrá ìdánwò wọn ní Cleveland lọ́dún 2013, kí wọ́n fọ́n yìnyín àtọwọ́dá sí i, kí wọ́n sì rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú wọn.

Lọ́dún 2006, Jeanne Mason ti iléeṣẹ́ Boeing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ka ìgbà 62 tí ẹ́ńjìnnì pàdánù agbára tó sì jọ pé èérún yìnyín ló fà á, lókè tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 22,000 lọ. Kí n má bàa dẹ́rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì tún padà tàn nígbà tí ọkọ̀ kúrò nínú àwọsánmà náà, èrò sì sọ̀kalẹ̀ láìmọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí nínú ìwé ìròyìn. Ìdí kan náà ni mo fi ń kọ̀wé yìí nígbà tí òkú kò sí nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè wa, bí ọ̀rọ̀ bàlúù bá ti délẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo la mọ̀ ọ́n bi: ọmọ ọdún mélòó ni ọkọ̀ náà? Akọ̀ròyìn á bi í, aṣòfin á bi í, èrò tó wà lórí ìlà á bi í. Ìbéèrè tó dáa ni, àmọ́ kò tó. Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìgbà mẹ́fà ni ẹ́ńjìnnì GEnx ti iléeṣẹ́ General Electric pàdánù agbára fún ìgbà díẹ̀ nínú irú àwọsánmà yìí. Ìgbà márùn-ún lára Boeing 747-8, ìgbà kan lára Boeing 787. Ọkọ̀ wo ló tún tuntun ju ìyẹn lọ nígbà náà? Ọ̀kan nínú wọn, ọkọ̀ ẹrù 747-8 ti iléeṣẹ́ AirBridgeCargo, ń lọ sí Hong Kong lóṣù Keje, ó sì ń yẹ ìjì sílẹ̀ nítòsí Chengdu bó ti tọ́ àti bó ti yẹ. Ibi tó yà sí náà ni èérún yìnyín wà, rédà kò sì fi hàn án. Abẹ inú ẹ́ńjìnnì mẹ́ta nínú mẹ́rin ló bàjẹ́. Lóṣù Kọkànlá, Boeing ní kí àwọn tó ń lo ẹ́ńjìnnì náà jìnnà tó máìlì 50 ti ojú òkun, bíi kìlómítà 93, sí irú ìjì bẹ́ẹ̀. Japan Airlines yọ 787 kúrò lójú ọ̀nà Tokyo sí Delhi àti Tokyo sí Singapore. Lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ General Electric tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì náà ṣe, kó lè mọ̀ pé èérún ti ń wọlé, kó sì ṣí ìlẹ̀kùn kan tí wọ́n á gbà jáde.

Ọkọ̀ tuntun, awakọ̀ tó mọṣẹ́, rédà tó ń ṣiṣẹ́. Yìnyín náà kò wo ìyẹn. Ẹni tó bá ní ọjọ́ orí ọkọ̀ nìkan ló ṣe pàtàkì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti Chengdu hàn án.

Rédà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti le. Ẹ̀kán omi ńlá ló mọ̀ ọ́n rí. Èérún gbígbẹ kéékèèké kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ohùn rẹ̀ padà, nítorí náà ojú rédà á mọ́, awakọ̀ á gbà pé ọ̀nà mọ́. Ìmọ̀ràn tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ń gbà wọ́n ni pé kí wọ́n dojú rédà kọlẹ̀, kí wọ́n wo ohun tó ń rọ̀ nísàlẹ̀ wọn. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀ lábẹ́, kí wọ́n má gba orí rẹ̀ kọjá bí ojú rédà tiẹ̀ mọ́ ní òkè tí wọ́n wà. Àmì mìíràn wà tó yẹ kí gbogbo awakọ̀ wa lè kà bí orúkọ ara wọn. Òṣùwọ̀n ooru tó wà níta á ṣàdédé fò sókè lọ sí òdo nígbà tó yẹ kó wà jìnnà nísàlẹ̀ òdo, nítorí èérún ti kún inú rẹ̀. Ó á dà bí ẹni pé òjò ń rọ̀ sára gíláàsì, lókè tí omi kò ti yẹ kó lè ṣàn, nítorí gíláàsì náà gbóná, èérún sì ń yọ́ lára rẹ̀. Iná búlúù á máa jó lórí gíláàsì lóru. Ẹni tó bá rí méjì nínú ìwọ̀nyí tó sì ń dúró de kí ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ ti pẹ́ jù.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kó ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ ti bàlúù 777 British Airways tó já kí ó tó dé orí ọ̀nà ìbalẹ̀ ní Heathrow lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2008, ìyẹn yàtọ̀. Inú epo ni yìnyín tiẹ̀ wà. Àmọ́ ọkọ̀ Air France tó kúrò ní Rio ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tó já sínú òkun Atlantic lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2009 pẹ̀lú ènìyàn 228, ìbátan ti Gossi ni. Ìgbànú ìjì tó yí agbedeméjì ayé ká ló ń kọjá, èérún yìnyín dí ihò tó ń wọn eré, ẹ̀rọ tó ń dárí ọkọ̀ já ara rẹ̀ gbà, àwọn awakọ̀ kò sì mọ òṣùwọ̀n tí wọ́n máa gbà gbọ́ mọ́.

Nípa òfin, àjọ FAA ti Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ lóṣù Kọkànlá ọdún 2014: ẹ́ńjìnnì tuntun tó bá ń wá ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lè gba èérún yìnyín mì. Yúróòpù ṣe tirẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń gbé wa láti Èkó lọ sí Àbújá àti Kánò ti gba ìwé àṣẹ tiwọn kí òfin yẹn tó dé. Ìmọ̀ awakọ̀ ló kù tó lè dí àlàfo náà. Ìdí nìyí tí mo fi wá sọ́dọ̀ yín, tí n kò lọ bá àwọn tó ń ṣe bàlúù ní Seattle.

Mo fẹ́ kí ìdánrawò náà jẹ́ èyí tó ní orúkọ àti ibi: ọkọ̀ wà ní ẹsẹ̀ bàtà 31,000, òru, ìjì ní apá ọ̀tún, òṣùwọ̀n kan ń sọ pé agbára pọ̀, òṣùwọ̀n tó ń ka bí irin inú ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ń sọ pé ó ń dín kù. Èwo ni ìwọ gbà gbọ́? Kí lo máa fi ọwọ́ kàn tẹ̀lé e? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíkà lórí ìwé. Ó yẹ kí ọkàn awakọ̀ ti lù kìkì lórí rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lórí ilẹ̀. Kí wọ́n sì kọ́ ọ pé ẹ̀rọ tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná náà ń jẹ nínú agbára ọkọ̀, pé ọkọ̀ tó wúwo tó sì ga jù lè má lè ru ẹrù yẹn. Nígbà míì, sísọ̀kalẹ̀ ló máa ń jẹ́ ọgbọ́n.

Ẹ̀yin ará NiMet, sátẹ́láìtì Meteosat ti àwọn ará Yúróòpù ń ya àwòrán gbogbo ojú ọ̀run Áfíríkà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn, èyí tuntun tí wọ́n gbé sókè lóṣù Kejìlá ọdún 2022 sì lè rí mànàmáná láti òkè. Òkè àwọsánmà tó tutù jù lọ máa ń hàn kedere lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ohun tí wọ́n rí dé etí awakọ̀ tó ti wà lókè, kì í ṣe ẹni tó ṣì ń mu tíì ní pápákọ̀ nìkan. Kí awakọ̀ náà sì lè dá tirẹ̀ padà: mo rí òjò lára gíláàsì ní ẹsẹ̀ bàtà 35,000, mo wà níbí. Kí ìròyìn yẹn kọjá ẹnubodè. Àjọ ASECNA ló ń darí ìrìnnà bàlúù lójú ọ̀run Niger, Burkina Faso àti Mali, àjọ NAMA ló ń darí tiwa, ìjì tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ kò sì béèrè ìwé ìrìnnà. Hajj ọdún 2023, 2024 àti 2025 bọ́ sí oṣù Kẹfà, nígbà tí ìjì Sahel ti ń gbérí, àwọn bàlúù tó kún fún àwọn àgbàlagbà sì ń gba etí ìjì náà kọjá lálọ àti lábọ̀.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ ìyapa lọ́nà. Awakọ̀ tó bá fi kìlómítà 93 yẹ ìjì, epo ló ń jó. Ẹni tó bá ní kí a dúró kí òjò dá, èrò máa bú u, àwọn mìíràn a máa fẹ́ lù ú. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu géètì ní Ìkẹjà bí wọ́n bá ti kéde pé ojú ọjọ́ kò dáa. Ọkọ̀ ADC tó já ní Àbújá lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, tí Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, bá lọ, kì í ṣe yìnyín ló fà á. Ṣùgbọ́n ìwádìí sọ pé ojú ọjọ́ ti burú, wọ́n sì mọ̀ pé ó burú, kó tó gbéra. Nítorí náà, kí ó wà nínú ìwé òfin yín pé iléeṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ yọ owó awakọ̀, tàbí kó dá a dúró, tàbí kó fi iye epo tó jó lọ́jọ́ ìjì díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tó ni iléeṣẹ́, tí ìdádúró bá ṣẹlẹ̀ nítorí ìjì, ẹ sọ ọ́ fún èrò pẹ̀lú àlàyé: ibi tí ìjì wà, ìdí tí a kò fi lè gba orí rẹ̀ kọjá, àsìkò tí a ó tún wò ó. “Ìṣòro ojú ọjọ́” tí ẹ máa ń kígbe nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò tó. Àwọn èrò ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí kò sí ìjì, wọ́n kò gbà á gbọ́ mọ́.

Ó lè jẹ́ pé díẹ̀ nínú ohun tí mo béèrè ti wà nínú ìlànà yín. Bó bá wà, ẹ kéde rẹ̀ ní gbangba kí òjò oṣù Kẹfà tó ń bọ̀ tó dé: iléeṣẹ́ wo ni awakọ̀ rẹ̀ ti ṣe ìdánrawò yìí, èwo ni kò tíì ṣe é.

Èmi ni tiyín,
Arìnrìn-àjò kan, Ìbàdàn